Okùn Tó Sọnù

Ní Arákàlẹ̀, l'Ákùúrẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù mi,
bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, n kì í bínú.
Òòfà kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
ara rédíò àtijọ́ bàbá mi ni mo ti yọ ọ́.
Mo kàn máa ń fi rá ilẹ̀ ni,
abẹ́rẹ́ á fò wá bá a,
òun àti ìṣó bàtà tí ẹnikẹ́ni kò wá.

Ṣùgbọ́n èyí tó sọnù yìí, inú mi ló wà.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Nọ́ọ̀sì Fadérẹ̀rà fi lúùpù sí mi,
lẹ́yìn Akínbọ̀wálé, ọmọ kẹrin.
Ó ní, "Okùn rẹ̀ nìyí. Lóṣooṣù,
tóo bá ti parí nǹkan oṣù rẹ, fọwọ́ wá a.
Bóo bá kàn án, jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀."
Mo sì ń kàn án. Okùn tín-ín-rín,
kò ju òwú tí mo fi ń ṣe ojú bọ́tìnnì lọ.

Títí di oṣù Ọ̀wàrà, tí mo wá a tì.
Mo fọwọ́ ọ̀tún wá a, mo fi tòsì.
Mo lósòó, mo dìde, mo tún lósòó.
Òfo.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí,
báyìí làwọn àgbà wí.
Tèmi rèé, okùn ló kọ́kọ́ lọ,
n kò sì mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà.

Ìyá Ọlọ́ládé tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní
ó máa ń rìn wọnú ọkàn, pé ó pa ẹnìkan n'Ígbárá-Òkè.
Ìyàwó pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀.
Ọkọ mi pè láti Ọ̀rẹ̀, ariwo tírélà ń bò ó mọ́lẹ̀:
"O ní kí ló sọnù?"
Mo ní, "Má ṣèyọnu. Abẹ́rẹ́ ni."

"Ẹ mu omi," wọ́n ní nílé ìwòsàn, "ẹ má tọ̀."
Mo mu píọ̀wọ́tà márùn-ún, mo jókòó bí adìyẹ tó sàba
láàárín àwọn aboyún tó ń wo ikùn mi tó tẹ́.
Ọmọbìnrin tó ń ṣe sikáànù kò fi púpọ̀ ju àkọ́bí mi lọ.
Ó da nǹkan tútù lé mi nínú bí ògì àná,
ó ń ti ẹnu ẹ̀rọ lọ, ó ń fà á bọ̀,
bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù wá ibi tó hunjọ lára aṣọ.
Ojú ẹ̀rọ: eérú, òjò, ọyẹ́ lórí òkè Ìdànrè.
"Ilé ọmọ yín nìyí, Mà."
Mo wò ó. Ènìyàn mẹ́rin ti gbé níbẹ̀, n kò rí i rí.
Ó mọ́ tónítóní. Kò sẹ́nì kankan. Kò sí lúùpù.

Bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí ni iná lọ.
Èmi àti òun nínú òkùnkùn, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.
Ó rọra ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Mà.
Ohun tí kò sí nílé, ìta la ó ti wá a."

Ẹ́síréè ló rí i.
Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé gbé fọ́ọ̀tò dúdú náà kọ́ síwájú iná:
egungun ẹ̀yìn mi tò bíi bọ́tìnnì,
ìbàdí mi na ìyẹ́ bíi labalábá,
lápá ọ̀tún, lókè díẹ̀, funfun báláú,
lẹ́tà T kékeré kan,
ó sùn gbalaja bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀dí.
Bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn tí abẹ́rẹ́ bá fò mọ́ òòfà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọn yóò yọ ọ́.
Mo bi wọ́n léèrè irú òwú tí wọ́n fi ń rán ojú ọgbẹ́.
Wọ́n ní èyí tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni.
N kò rí irú ẹ̀ l'Ọ́jà Ọba rí.

Yúnífọ́ọ̀mù mẹ́fà ló kù nílẹ̀.
Mo fi fọ́ọ̀tò náà há ojú fèrèsé,
oòrùn ń gba inú egungun mi kọjá bọ́ sórí aṣọ.
Akínbọ̀wálé fọwọ́ kan ibi funfun náà:
"Màmá, ta ló kọ T sínú yín?"
Mo ní kó bá mi gbé òòfà.